Igi Ìyá Lowell

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ, kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìwà pẹ̀lẹ́ purọ́ tó àwa ará Minnesota ní Amẹ́ríkà. Tí oúnjẹ ẹnìkan ò bá dùn lẹ́nu wa, a ó ní, "Èyí mà yàtọ̀ o." Tí ilé ẹnìkan bá ń jó, ó ṣeé ṣe ká kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ nípa òjò. Ìwà yìí ló fẹ́ pa ìyá Lowell.

Lowell ni ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ mànàmáná wa. Iṣẹ́ tèmi, èmi Ardis, ni kí n gé igi kó tó dé ibi wáyà, nítorí igi kan ṣoṣo tó bá sún mọ́ wáyà ńlá lè sọ odindi àgbègbè sínú òkùnkùn. Mo ti gé igi ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti gé igi àwọn ọlọ́pàá. Ẹyọ kan ni wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn: igi wílò ẹ̀yìn ilé Borghild, ìyá Lowell. Orville, ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé, ló gbìn ín. Abẹ́ rẹ̀ ni màmá máa ń jókòó sí tí ooru bá mú, ìgbà ooru yẹn gan-an sì ni wáyà máa ń gbóná, tí á rọ̀ wálẹ̀ sọ́dọ̀ igi. Tí mo bá ti rí i níbẹ̀, àyà mi á já.

"Ardis, fi igi màmá mi sílẹ̀," ni Lowell máa ń wí. "Ká ṣì máa wò ó ná."

Nígbà tó di oṣù Keje, àsìkò àyẹ̀wò tó. Kí àwọn olùyẹ̀wò tó lè fìyà jẹ wá tó dé, a máa ń bẹ àwọn akẹgbẹ́ wa láti ilé-iṣẹ́ mìíràn kí wọ́n kọ́kọ́ wá tú àṣírí wa fún wa. Verlyn ló ṣaájú wọn lọ́tẹ̀ yìí. Àmọ́ ọ̀nà tí onílé bá mú àlejò gbà ni àlejò ń rí, ibi tí mo ti gé kodoro nìkan sì ni Lowell mú wọn gbà.

Èmi náà kì í ṣe ọmọ àná. Lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀ dá, tí ara wáyà ṣì tutù, tí ewu ò pọ̀, mo pe màmá lórí fóònù pé àwọn àlejò ọmọ rẹ̀ ò tíì rí páì èso gidi jẹ láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Kíá, màmá ti pe ọmọ rẹ̀. Lowell wò mí bíi kó gé èmi gan-an, ṣùgbọ́n ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti sọ fún Borghild pé rárá?

Bí a ṣe jókòó sábẹ́ wílò nìyẹn, tí wáyà ń kùn lókè orí wa. Mo ń gbà á ládùúrà kí Verlyn ṣáà wòkè. Ó wòkè. Ojú rẹ̀ yí padà. Àfi bí Borghild ṣe gbé páì síwájú rẹ̀.

"Igi ọkọ mi nìyẹn," ni màmá wí. "Ó dáa, àbí?"

"Igi tó dáa gan-an ni, mà," ni Verlyn dáhùn, ó sì bu páì sẹ́nu.

Inú bí mi! Ọkùnrin yìí mọ ohun tó rí, ó sì jókòó, ó ń jẹ oúnjẹ ìyá tí igi náà lè pa.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé yàrá ìdarí, níbi tí wọ́n ti ń tan iná àgbègbè tí wọ́n sì ń pa á, ni Verlyn ti dàgbà sẹ́nu iṣẹ́. Níbẹ̀, ẹni tí wọ́n bá pàṣẹ fún lórí fóònù gbọ́dọ̀ tún un sọ padà, kí ẹni tó pàṣẹ sì wí pé ó tọ́, kí wọ́n má baà tan iná síbi tí èèyàn ti ń ṣiṣẹ́. Ó máa ń wọ̀ wọ́n lẹ́jẹ̀ ni. Orville, tó ṣiṣẹ́ ní yàrá ìdarí nígbà ayé rẹ̀, náà rí bẹ́ẹ̀: tí màmá bá rán an lọ ra búrẹ́dì, á tún un sọ kó tó jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, obìnrin tó gbé kọfí fún wa ní, "Ife yìí gbóná o," Verlyn dáhùn láìronú pé, "Ife yìí gbóná." A rẹ́rìn-ín títí.

Mo dìde, mo sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà ní yàrá ìdarí. "Verlyn, Ardis nìyí. Igi yìí ti sún mọ́ wáyà jù. Iná lè fò, kó pa ẹni tó jókòó sábẹ́ rẹ̀. Tún un sọ."

Páì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Igi yìí ti sún mọ́ wáyà jù. Iná lè fò, kó pa ẹni tó jókòó sábẹ́ rẹ̀."

"Ó tọ́," ni mo wí, mo sì jókòó.

Verlyn sáré fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ojú Lowell pọ́n kankan. "Ardis, ṣé orí ẹ pé? Níwájú màmá mi!"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ṣé mo ṣì í sọ ni?"

Borghild gbé ọ̀bẹ páì sílẹ̀. "Lowell, ṣé òótọ́ ni?"

"Màmá, igi dádì ni. Mi ò fẹ́ kí ẹ tún pàdánù dádì lẹ́ẹ̀kejì." Àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò tiẹ̀ rò pé ó máa ṣe mí.

Màmá wòkè sáàárín ewé, ó pẹ́ kó tó gbójú wálẹ̀.

"Lowell, gé igi bàbá ẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ẹ jẹ́ ká..."

"Mi ò ní kó o máa bẹ̀ mí. Tún un sọ."

Omi ti lé sójú ọ̀gá wa. "Kí n gé igi bàbá mi."

"Ó tọ́," ni Borghild wí. Ó dìde, ó gbé àga rẹ̀ kúrò lábẹ́ wílò, ó lọ jókòó sínú oòrùn.