Àmì Orí Ọkọ̀

Ẹ má bi mí bí oòrùn ṣe ń wọ inú mọ́tò. Oṣù mẹ́rin gbáko ni ọkọ mi fi ń ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, kò sì tíì yé mi títí di òní. Láńre ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Pẹ̀lúmi ni mo ń pè é, nítorí ọmọ wa. Físíìsì ló ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ìkẹ́rẹ́ níbí. Èmi Adéṣẹwà, èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama, ọdún kọkàndínlógún rèé. Nígbà tí epo bẹntiróòlù fẹ́ gba ẹ̀mí lẹ́nu wa, Láńre lọ ra mọ́tò tó ń lo iná. Ó to páńẹ́lì sólà sórí òrùlé, ó sì gbé bátìrì kan tó tóbi bíi fìríìjì kọ́ sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Oòrùn á ràn sí páńẹ́lì, páńẹ́lì á gbé iná fún bátìrì, bátìrì á gbé e fún mọ́tò," ló wí. "Kí ló wá le níbẹ̀?"

"Tí oòrùn bá wọ̀ ńkọ́?"

"Èyí tó ti wà nínú bátìrì la ó máa lò."

"Ṣé oòrùn àná nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé oòrùn àná ló ń gbé mi lọ sílé ìwé lónìí?"

Ó wò mí bí ẹni ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tó gba òdo. Kò burú. Ohun tó yé èmi ni pé láti ọjọ́ tí mọ́tò yẹn ti wọlé, tó bá ti ń gba iná, mi ò gbọdọ̀ fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ, mi ò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ lọ ata. Orogún wo ló tún ju ìyẹn lọ?

Èmi náà sì ní ohun tí mo fi ń dà á láàmú. Èdè ẹnu rẹ̀ ni. Láńre ò lè sọ gbólóhùn kan kó má fi Gẹ̀ẹ́sì há a láàárín. Á ní, "Káà ti ṣáàjì." Màá ní, "Bàbá Pẹ̀lúmi, ẹ̀yin ọkọ olùkọ́ Yorùbá! Ẹ má dójú tì mí láwùjọ. Ọkọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ẹ sọ pé ó ti gba iná." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn.

Bàbá mi ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí. Àgbẹ̀ kòkó ni Bàbá Fálẹ́yẹ ní Ọ̀rún-Èkìtì. Nǹkan funfun kan ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì bí omi ògì. Àwọn dókítà ojú kan máa ń wá sí ilé ìwòsàn kan ní Adó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á sì lọ. Ọjọ́rú, aago méjì ọ̀sán, ni wọ́n fún Bàbá. Dókítà tó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ti sọ fún mi pé bí ọdún yìí bá fi lè kọjá, òun ò lè ṣèlérí ojú òsì mọ́.

Ṣé Bàbá gbà? "Mo ń ríran. Ta ló ní n ò ríran?" Bó ṣe ń wí nìyẹn lójoojúmọ́. Ó ń dá lọ sóko, ó ń dá bọ̀, ó ń pe èèyàn lórúkọ kí wọ́n tó kí i, a ò sì rí nǹkan fi já a nírọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu mi fẹ́ẹ̀ bó. Nígbà tó máa gbà, ó ní òórùn bẹntiróòlù ń rìn òun lọ́kàn, òun ò ní í wọ mọ́tò akérò débi tí òun á máa bì.

"Mọ́tò ọkọ rẹ tí kò ní òórùn yẹn nìkan ni mo lè wọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Oòrùn ló ní," ni mo fèsì. Ó rẹ́rìn-ín, mo sì mọ̀ pé ó ti bọ́ sí i.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo wọ ọkọ̀ lọ sùn ní Ọ̀rún, kí bàbá yìí má baà yọ́ lọ sóko ní ìdájí. Láńre dúró sí Ìkẹ́rẹ́ kó lè rọ iná kún mọ́tò. Àṣé ọyẹ́ ń bọ̀. Ọyẹ́ ọjọ́ náà le débi pé Láńre kọ ọ́ ránṣẹ́ pé òun dúró lẹ́yìnkùlé wa, òun ò rí òkè Olósùnta. Òkè tó tóbi tó yẹn! Páńẹ́lì ò rí oòrùn gbà, bátìrì ò kún dé ìdajì, iná ìjọba sì ti lọ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó ní kí n fara balẹ̀, pé bí oòrùn bá yọ láàárọ̀ Ọjọ́rú, mọ́tò á gba èyí tó máa gbé wa dé Adó, òun á sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ kí òun tó gbéra. Oòrùn àná ò tó, ti òní ò tíì yọ. Orí mi ń fọ́.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án Ọjọ́rú, Bàbá ti wẹ̀, ó ti dé fìlà, ó jókòó síwájú ilé. Èmi wà nídìí igi orógbó lápá kejì ọ̀nà, nítorí ibẹ̀ nìkan ni fóònù ti ń gbọ́ràn lágbègbè yẹn, òun náà kì í ju àtẹ̀jíṣẹ́ lọ.

"Uná ti wọ mọ́tò?" Bàbá béèrè. Bí àwọn ará Ọ̀rún ṣe ń pe iná nìyẹn.

"Ó kù díẹ̀, Bàbá."

"Tí kò bá wọ̀ ọ́, mo kúkú ń ríran."

Èéfín kan ń rùn láti ọ̀nà jíjìn, ẹ̀rù rẹ̀ sì ti ń bà mí láti òwúrọ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni, gbogbo igbó ti gbẹ. Lọ́dún tó kọjá, irú àkókò yìí, oko kòkó méjì jó kanlẹ̀ lẹ́yìn oko wa. Ìgbà náà ni fóònù dún lọ́wọ́ mi. Láńre ni. Ohun tó kọ nìyí, bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́:

Oko ti gba ina. Mo n bo.

Yéè! Igbe tí mo ké, wọ́n gbọ́ ọ dé ṣọ́ọ̀ṣì. "Oko ti gbaná o! Bàbá, oko ti gbaná!"

Ẹ ó bi mí pé báwo ni ẹni tó wà ní Ìkẹ́rẹ́ ṣe máa mọ̀ pé oko ń jó ní Ọ̀rún. Èmi náà bi ara mi nígbà tó yá. Lójú ẹsẹ̀, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni Ọláyíwọlá tó ń bá wa ṣọ́ oko. Nọ́ńbà Láńre ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ó ti pè é nìyẹn.

Kí n tó ráyè sáré padà sílé, Bàbá ti gun ọ̀kadà Olúwaṣògo, aládùúgbò wa, ó mú àdá dání, fìlà rẹ̀ já sílẹ̀. Mo sáré tẹ̀ lé wọn. Àwọn ará àdúgbò tẹ̀ lé mi, ẹlòmíì gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹlòmíì gé imọ̀ ọ̀pẹ dání. Ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀ mọ́.

Ìgbà tí mo dé oko, mo dúró. Mi ò rí iná. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ewé kòkó tutù yọ̀yọ̀, èso rẹ̀ ń pọ́n lára igi. Ọláyíwọlá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré, ó lanu sílẹ̀, ó ń wo Bàbá.

Bàbá dúró sáàárín oko, ó ká ọwọ́ lé orí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó ti jó tán," ló ń wí. "Ẹ wo èéfín. Kò ku ugi kan. Kòkó tí ìyá rẹ bá mi gbìn, Adéṣẹwà, kò ku ẹyọ kan."

Gbogbo wa wo ara wa. Ọyẹ́ lásán ló wà níbẹ̀. Kò tiẹ̀ nípọn mọ́, oòrùn ti ń là á kọjá.

"Bàbá, kò sí iná o."

"Má pa urọ́ fún mi! Ṣé n ò ríran ni?"

Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo gbé e lé èso kòkó kan tí kò jìnnà sí imú rẹ̀ rárá. Ó fọwọ́ pa á. Ó fọwọ́ wá ewé, ó fún un mọ́wọ́. Ó bọ́ sídìí igi kejì, ó tún fọwọ́ pa ìyẹn náà.

Lójijì ni mọ́tò Láńre wà lẹ́yìn wa. Kò kúkú ní ariwo, a ò gbọ́ ìgbà tó dé. Ó bẹ́ sílẹ̀ tòun ti bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, òógùn bò ó.

"Ibo ló ń jó? Wọ́n ní oko ń jó! Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwọ ni!" Inú bí mi débi pé mo gbàgbé 'ẹ̀yin'. Mo na fóònù sí i lójú. "Kí lo kọ síbí?"

Ó kà á. Ó tún un kà. "Ọkọ̀ ni mo kọ. Ọkọ̀ ti gba iná. Ṣé ìwọ kọ́ lo ní kí n má kọ káà mọ́?"

"Àmì dà lórí ẹ̀? Tìsàlẹ̀ ẹ̀ dà?"

Ọláyíwọlá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, gbogbo wọn sì gbè é. Èmi tí mo máa ń kọ ọ́ sójú pátákó lọ́dọọdún: oko tí à ń ro, ọkọ́ tí a fi ń ro ó, ọkọ tó ń ro ó, ọkọ̀ tó ń kó èrè rẹ̀ wálé! Ìtìjú bò mí.

Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára kòkó.

"Aago mélòó ló lù?" ló béèrè.

"Ó ń lọ sí mọ́kànlá, Bàbá."

"Uná tó wà nínú mọ́tò yìí, ṣé ó máa gbé wa dé Adó?"

"Á gbé wa débẹ̀ dáadáa, Bàbá," Láńre dáhùn.

"Ẹ mú mi lọ."

Èmi àti Bàbá jókòó sẹ́yìn. Nígbà tí a jáde ní Ìsẹ̀, ó wá ọwọ́ mi kàn, ó dì í mú.

"Adéṣẹwà, èéfín tí mo rí lóko yẹn, ọdún kẹta rèé tí mo ti ń rí i. Mo rò pé ọyẹ́ ni kò tíì lọ."