Ahọ́n Bàbá Ọládòṣù

Eyín àtọwọ́dá ló gbé Bàbá Ọládòṣù dé ilé ìwòsàn eyín kékeré kan ní Ọ̀kọ́ta. Eyín náà ti sán, ó sì fẹ́ kí wọ́n bá òun tún un ṣe kíá, kí òun máa padà sílé ní Ire-Akárí.

Àmọ́ Dókítà Tẹ́júọlá kì í fọwọ́ kan eyín ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ wo gbogbo ẹnu. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó sì ní kí wọ́n jọ̀ọ́ yọ ahọ́n síta.

Bàbá dìde lórí àga. Ọdún márùndínlógójì ló fi ṣe olùkọ́ ní Èkìtì. Ọmọ tó bá yọ ahọ́n sí àgbà níbẹ̀, koríko pápá ni yóò fi ọjọ́ náà gé.

“Ṣé èmi ni kí n wá yọ ahọ́n sí ọmọ tí mo lè bí?”

Dókítà ṣàlàyé pé ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ni jẹjẹrẹ ẹnu sábà máa ń sá sí, pé kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀, àti pé àìtètè mólè, olè ń mólóko. Bàbá ní kò sí olè lóko tòun. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Morọ́lá, bẹ̀ ẹ́ kó yọ ọ́ sí kàlẹ́ńdà ara ògiri. Bàbá wò ó: àwòrán bíṣọ́ọ̀bù ló wà níbẹ̀. Wọ́n gbé dígí wá, ó ní ṣé òun fúnra òun kì í ṣe àgbà ni?

Ló bá kọjú sí ilẹ̀kùn. Dókítà mọ̀ pé bó bá lọ, kò ní padà wá mọ́. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa yìí dúró níwájú bàbá, ó wò ó lójú, ó sì yọ ahọ́n sí i, gbọọrọ.

Ìyá Morọ́lá pe Jésù. Inú bí bàbá débi pé iṣẹ́ olùkọ́ fò lọ lórí rẹ̀. Ó yọ tirẹ̀ náà padà.

Kó tó fà á wọlé, dókítà ti fi báńdéèjì dì í mú, ó sì rọra yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àmì funfun kan wà níbẹ̀ bí ẹ̀kọ tó gbẹ. Ó nù ún, kò kúrò.

“Láti ìgbà wo lèyí ti wà lẹ́nu yín, sà?”

Bàbá kò lè fèsì. Ahọ́n rẹ̀ kò sí níkàáwọ́ rẹ̀.

Wọ́n mú díẹ̀ lára àmì náà lọ fún àyẹ̀wò. Jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni, wọ́n sì gé e kúrò kó tó ráyè tàn. Ẹ̀rù ba bàbá gan-an nígbà tó gbọ́ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní ó ti gba ẹnu ilẹ̀kùn yẹn jáde.

Ní báyìí, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló ń lọ. Bí dókítà bá ti ń kúnlẹ̀ kí i, bàbá á ti yọ ahọ́n sí i lójú gbogbo èrò, á sì dúró bẹ́ẹ̀ tòun tomi lójú, títí ọmọ náà yóò fi sọ pé, “Ó mọ́, sà.”