Bíríkì Tó Ní Ẹfun Méjì

"Wọ́n ní ọ̀jọ̀gbọ́n ti lé e…"

"Ta ni? Ọmọ-ọmọ Nazzareno?"

"Òun kẹ̀! Wọ́n ní kó má fọwọ́ kan ògiri yẹn mọ́… àbí kí ni wọ́n tún ní… ẹ kúkú mọ bí ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin yẹn ṣe máa ń…"

Ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì ìlú Collefosco ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Ersilia fúnra rẹ̀ sì rèé lẹ́yìn wọn, wọn ò rí i. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, bí àga ló rí lójú aláròyé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Talarico ti ṣèlérí pé bó bá ṣe dáadáa níbi ìwalẹ̀ yìí, níbi tí wọ́n ti ń hú ilé àtijọ́ jáde, òun yóò mú un lọ sí yunifásítì, kó lọ kọ́ nípa ilé tí àwọn ará Róòmù gbé nígbà tí ọjọ́ alẹ́ ìjọba wọn dé. Kò tún sí ọ̀nà mìíràn, torí Ersilia kò jókòó ní kíláàsì rí. Àìsàn dè é mọ́lé láti kékeré. Bàbá àgbà rẹ̀ Nazzareno, ọ̀gá mọlémọlé, ló kọ́ ọ ní ìwé, ìṣirò àti ògiri. Ọ̀rọ̀ bàbá náà kan wà: "Má bú mọlémọlé tí o ò bá tíì rí ohun tí wọ́n kó fún un."

Ọ̀rọ̀ yìí ló ta á nídìí lánàá. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní àlàpà lásán ló dí ẹnu ọ̀nà ilé kan, kí wọ́n kó o dànù. Ersilia gbé bíríkì kan sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, bíríkì tó kàn wó lulẹ̀ kì í ní ẹfun ìmọlé oríṣi méjì. Funfun tó ti gan yìí, ti ilé àkọ́kọ́ ni. Èyí tí wọ́n po eérú mọ́ yìí, tuntun ni. Ẹnìkan ló tún un tò. Wọ́n ń pín ilé ńlá sí kéékèèké ni."

Gbogbo wọn yíjú sí i. Ìtìjú bò ó, ló bá ju bíríkì sílẹ̀, ó sá lọ sílé.

Ṣùgbọ́n ẹfun méjì, ẹfun méjì ni. Lónìí, láti ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì, kò padà sílé. Ó gba òkè ibi ìwalẹ̀ lọ tààrà, ó bá Ulderico, àgbà òṣìṣẹ́ ibẹ̀, lórí korobá tó dojú dé, ó ń jẹ àlùbọ́sà.

"Ìwọ ọmọ yìí! O fi ọ̀rọ̀ sọ òkò lu ọ̀gá tán, o wá sá bí ewúrẹ́ tó jẹṣu!"

"Bàbá, wọ́n ní wọ́n ti lé mi."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì."

"Ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì tó ti sìnkú mi lẹ́ẹ̀mejì? Èmi tí mò ń jẹ àlùbọ́sà níbí?"

Ersilia kò rẹ́rìn-ín. Ó wò ó lójú. "Ẹ̀yin wà níbẹ̀ lánàá, Bàbá. Kí ni ọ̀jọ̀gbọ́n sọ gan-an? Ẹ má fi iyọ̀ sí i."

Ulderico nu ẹnu, ó dìde dúró ṣánṣán bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Wọ́n ní: 'Ẹ gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀. Ogún ọdún ni mo ti ń kó irú ògiri yìí dànù. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́, àyàfi Ersilia. Òun ni yóò kọ̀wé nípa rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ní yunifásítì ni yóò sì ti kọ́ṣẹ́.'"