Ta Ló Ń Bá Adùnọlá Ránṣọ?

Ní ọdún tí wọ́n ń kọ́ ilé gogoro Dùgbẹ̀ lọ́wọ́, tí àwọn tó ń kọjá lọ máa ń gbójú sókè wò ó títí ọrùn yóò fi máa dùn wọ́n, ni Adùnọlá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán kúìtì. Ìyàwó Bámidélé ni, tíṣà ni ọkọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ń tẹ táípù ní Sẹkitéríàtì láti Mọ́ńdè dé Fúráídè. Ilé tuntun tí wọ́n ń gbé ní Bódìjà máa ń dá wáí ní ọ̀sán Sátidé, torí Bámidélé á ti lọ wo bọ́ọ̀lù, àwọn ọmọ á sì ti lọ ṣeré lọ́dọ̀ aládùúgbò. Nígbà tí Ìyáàfin Oyèbọ́lá tó ń gbé ní òpópónà kejì wá sọ pé òun fẹ́ kọ́ àwọn obìnrin ní nǹkan kan, Adùnọlá kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyáàfin Oyèbọ́lá ti bá ọkọ rẹ̀ gbé ní Amẹ́ríkà nígbà tí ọkọ náà ń kàwé níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí àwọn obìnrin tó ń kó ègé aṣọ wẹ́wẹ́ jọ, tí wọ́n ń rán wọn pọ̀ di aṣọ ìbora, tí wọ́n á tẹ́ òwú sí inú rẹ̀, tí wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ rán an já láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí òwú má baà ṣù. Wọn kì í ṣe é torí òtútù nìkan. Wọ́n á gbé e kọ́ sínú gbọ̀ngàn, àwọn èèyàn á wá wò ó, wọ́n á mú èyí tó dára jù. Nígbà tí wọ́n padà dé tí ọkọ rẹ̀ ń kọ́ni ní Yunifásítì, obìnrin yìí ní kí wọ́n máa gbé mọ́tò síta, ó gba gáréèjì, ó to àga yí i ká, ó sì gbé apẹ̀rẹ̀ ńlá kan sí àárín. Ègé aṣọ tó ń gbà lọ́wọ́ àwọn télọ̀ Dùgbẹ̀ ló kún inú apẹ̀rẹ̀ náà. Inú rẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń mú.

Ẹgbẹ́ méjì ni wọ́n. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ń wá ní Sátidé, àwọn tó wà nílé ń wá ní Wẹ́sidé. Bí wọ́n bá ṣe tán, kálukú á ká iṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò ìyẹ̀fun tí wọ́n ti fọ̀, á sì tì í sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn gáréèjì. Ìyáàfin Oyèbọ́lá kò gbà kí wọ́n máa gbé e lọ sílé, ó ní ọmọ ọwọ́ á tọ̀ sí i.

Ọwọ́ Adùnọlá kò tètè yá. Ìlà àkọ́kọ́ tó fi ègé aláró àti búráùn onígun mẹ́rin rán wọ́ bí ọ̀nà Ẹlẹ́yẹlé. Ìyáàfin Oyèbọ́lá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá ní kó má tú u, kó máa bá iṣẹ́ lọ. Bámidélé bi í léèrè bóyá kò sí kúbùsù lọ́jà mọ́ ni ó fi ń to àkísà.

Nígbà tó ṣe, òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá kan jò wọ gáréèjì. Ìyáàfin Oyèbọ́lá kó gbogbo iṣẹ́ jáde, ó sá wọn, ó fọ àwọn àpò, ó sì kó wọn padà. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Adùnọlá fa àpò tó wà níbi tí tirẹ̀ máa ń wà jáde. Ó tú aṣọ inú rẹ̀, ẹnu sì yà á. Ègé aláró àti ègé búráùn kan náà ni, igun mẹ́rin kan náà, ṣùgbọ́n ìlà àkọ́kọ́ ti tọ́ gbọnrangandan. Ó gbà pé Ìyáàfin Oyèbọ́lá ló ṣàánú òun tó bá òun tún un rán. Ó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún wàhálà tó ṣe. Ìyáàfin Oyèbọ́lá rò pé ọ̀rọ̀ òjò àti sísá aṣọ ni, ó ní kò tó ọpẹ́. Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ.

Ṣùgbọ́n ní Sátidé kejì, aṣọ náà ti gùn sí i. Adùnọlá rántí dáadáa pé orí ègé aláró kan ni òun bá a dé kí òun tó ká a. Ó bá ìlà búráùn tuntun kan lẹ́yìn rẹ̀, tí ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ há pẹ́kípẹ́kí. Ó tún lọ bá Ìyáàfin Oyèbọ́lá. Obìnrin náà ní òun kò fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ tí òun ti sá wọn, ó ní bóyá Adùnọlá ló rán an tó gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dẹ́rù bà á. Láàárín oṣù yẹn kan náà ló gbé ẹ̀wà kaná tó jóná mọ́ ìkòkò, ló tún tẹ lẹ́tà kan náà lẹ́ẹ̀mejì níbi iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ fi bi í pé ṣé ara rẹ̀ yá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé bóyá òun ló ń rán aṣọ tí òun kò sì mọ̀. Ó fẹ́ dán ara rẹ̀ wò. Ó mú ègé yẹ́lò onígun mẹ́ta nínú apẹ̀rẹ̀, ó rán an mọ́ àárín ibi tó dé. Nígbà tó padà wá, yẹ́lò kò sí níbẹ̀ mọ́. Ègé aláró ló wà níbẹ̀, aṣọ sì tún ti gùn. Ó tún fi yẹ́lò mìíràn sí i. Wọ́n tún tú u.

Adùnọlá jókòó, ó gbé aṣọ náà lé itan, ó ń wò ó. Bó bá jẹ́ òun ló ń rán an láìmọ̀, ṣé òun náà ni òun ó tún máa tú ohun tí òun rán? Bí kò bá sì jẹ́ òun, ta ni ó ń fi àsìkò ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún òun? Nígbà tó sọ fún Bámidélé, ìwé ìròyìn ló ń kà, ó ní kó gba ìsinmi. Adùnọlá kò sọ ọ́ fún ẹlòmíràn mọ́. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, kò ti aṣọ náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó fi ìró bò ó, ó gbé e lọ sílé, ó sì fi í sórí wọ́dúróòbù.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, aṣọ kò gùn. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe wọ gáréèjì ní Sátidé, ó rí i pé ojú Ìyáàfin Oyèbọ́lá kò dára. Obìnrin náà ní olè ti wọ àárín wọn. Ìyá àgbàlagbà kan wà nínú ẹgbẹ́ Wẹ́sidé, Zùwáírátù lorúkọ rẹ̀, Ìyá Gàfárù ni wọ́n ń pè é. Ó dé lọ́jọ́ Wẹ́sidé, kò bá iṣẹ́ rẹ̀, ó sì jókòó síwájú kọ́bọ́ọ̀dù títí ọmọ rẹ̀ fi wá mú un lọ sílé. Ìpàtẹ tí wọ́n fẹ́ kó gbogbo kúìtì wọn lọ sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ẹnì kan béèrè bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Ìyáàfin Oyèbọ́lá ní aláró àti búráùn ni, onígun mẹ́rin, ó mọ́ tónítóní, kò sì sí yẹ́lò nínú rẹ̀, torí Ìyá Gàfárù kò fẹ́ràn yẹ́lò rárá.

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Adùnọlá. Ó dìde, ó lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó na ọwọ́ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó sì fa àpò kan jáde tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn láti ìgbà òjò. Ó tú u. Ìlà wíwọ́ tirẹ̀ ló wà níbẹ̀, bó ṣe fi í sílẹ̀ gan-an.

Ó kọ́kọ́ dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ṣìnà nílé ara rẹ̀. Àpò ló pààrọ̀ ipò lọ́jọ́ òjò, kò sẹ́ni tó wọ inú iṣẹ́ òun. Òun ló wọ inú iṣẹ́ oníṣẹ́, òun ló sì tún jí i gbé. Ó sọ fún Ìyáàfin Oyèbọ́lá pé òun ń bọ̀, ó lọ gbé aṣọ náà nílé, ó sì béèrè ọ̀nà ilé Gàfárù.

Sọ̀feyọ̀ tó ń wọn ilẹ̀ ni Gàfárù. Lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú ló gbé ìyá rẹ̀ kúrò nínú ìlú wá sí Bódìjà, tó sì ní kò gbọdọ̀ ta aṣọ mọ́, kó máa sinmi. Ẹ̀yìnkùlé ni Adùnọlá ti bá ìyá náà, tó jókòó lórí ẹní láìṣe nǹkan kan. Ó kúnlẹ̀, ó kí i, ó sì mú aṣọ náà jáde.

Ìyá Gàfárù gbà á. Ó fi ọwọ́ tọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

"Níbo lo ti rí i?"

"Ilé wa ló wà, Ìyá. Mo rò pé tèmi ni. Láti ìgbà òjò ni mo ti ń rán an."

Ìyá náà yí aṣọ náà padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wá ní, "Ìwọ lò ń fi yẹ́lò sí i?"

"Èmi ni."

"Mo tú u, o tún fi sí i."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, Ìyá."

Ìyá Gàfárù fi aṣọ lélẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí i. Ó ní gbogbo Wẹ́sidé tí òun bá dé ni òun ń bá ìlà tí òun kò mọ̀. Òun rò pé ogbó ti dé ni, pé òun ń ránṣọ tí òun ń gbàgbé. Òun kò sì lè sọ ọ́, torí bí Gàfárù bá gbọ́, kò ní jẹ́ kí òun jáde mọ́, gáréèjì yẹn nìkan ló sì kù tí òun ń rí lọ. Ìdí nìyẹn tí òun fi ń sáré rán an, kó lè parí kí ẹnikẹ́ni tó fura. Adùnọlá náà sọ ti ẹ̀wà tó jóná fún un àti ti lẹ́tà. Ìyá náà wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín débi pé ìyàwó Gàfárù jáde wá wò wọ́n.

Wọ́n jọ parí rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé yẹn. Adùnọlá ní orúkọ Ìyá Gàfárù nìkan ni kí wọ́n kọ fún ìpàtẹ, torí ìyá ló ni ín. Ìyáàfin Oyèbọ́lá náà gbà bẹ́ẹ̀.

Gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Dùgbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìpàtẹ náà. Wọ́n na okùn láti ògiri dé ògiri, wọ́n fi kúìtì kọ́ sórí rẹ̀, wọ́n sì lẹ nọ́ńbà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn obìnrin wá láti Mọ́kọ́lá àti Ẹlẹ́yẹlé. Olùkọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kan ni wọ́n ní kó yẹ̀ wọ́n wò. Nígbà tó dé ibi tí Ìyá Gàfárù dúró sí, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó gbé aṣọ náà sókè, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó tún wo iwájú.

"Ọwọ́ méjì ló rán èyí," ló wí. "Ọ̀kan há, ọ̀kan dẹ̀. Iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni òfin wa gbà."

Ó yọ nọ́ńbà kúrò lára rẹ̀. Adùnọlá sáré tẹ̀lé e, ó ń ṣàlàyé. Obìnrin náà béèrè bóyá Adùnọlá ló ran ìyá lọ́wọ́. Adùnọlá ní rárá, òun kò ràn wọ́n lọ́wọ́, òun rò pé ti òun ni. Obìnrin náà ní ṣé ti Adùnọlá wá ni. Adùnọlá ní rárá, ti ìyá ni. Ó gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ òjò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà túbọ̀ ń lọ́ pọ̀ mọ́ra lẹ́nu rẹ̀, olùkọ́ náà sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, ó kọjá lọ sí ibòmíràn.

Nígbà tí Adùnọlá padà, Ìyá Gàfárù ń wo ibi tí nọ́ńbà ti kúrò. Gàfárù ti dé, òun àti ìyàwó rẹ̀. Ó béèrè ìdí tí wọ́n fi yọ ìwé ara aṣọ ìyá rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti ń ga.

"Èmi àti Adùnọlá yìí la jọ rán an," Ìyá Gàfárù wí. "Wọn kì í gba ti ẹni méjì níbí."

"Èwo wá ni tiyín níbẹ̀?" ọmọ rẹ̀ béèrè.

Ìyá náà na ọwọ́, ó fi han gbogbo aṣọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí ìpàtẹ á fi parí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà lórí okùn láìní nọ́ńbà. Àwọn èèyàn ń dúró wò ó, àwọn mìíràn ń béèrè ìdí tí kò fi ní nọ́ńbà, ìdáhùn tí wọ́n sì ń gbà kò dọ́gba. Nọ́ọ̀sì kan láti Ẹlẹ́yẹlé tó rán ẹja sára tirẹ̀ ló gba ipò kìn-ín-ní. Inú Ìyá Gàfárù bà jẹ́ lóòótọ́. Adùnọlá rí i bó ṣe ń rọra ká aṣọ náà, ó sì dùn ún ju bí ìyá náà ì bá ṣe bá a jà lọ.

Nínú mọ́tò Gàfárù tó gbé wọn padà sí Bódìjà, aṣọ náà wà lórí itan àwọn méjèèjì lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé Adùnọlá, Ìyá Gàfárù fa aṣọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó wá ní òun ti bá Ìyáàfin Oyèbọ́lá sọ ọ́, pé òun ó máa bá àwọn Sátidé jókòó láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí Adùnọlá fi àga sílẹ̀ fún òun.

Bámidélé wà ní iwájú ilé. Ó béèrè ibi tí aṣọ wà. Adùnọlá ní ó ti lọ sílé.

"Ilé wo?" Bámidélé béèrè.

Adùnọlá bọ́ bàtà, ó jókòó tì í, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un. Lẹ́ẹ̀mejì ni ọkọ rẹ̀ ní kó padà sẹ́yìn kí òun lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó parí, Bámidélé ká ìwé ìròyìn rẹ̀, ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí aṣọ yìí. Adùnọlá ní kí wọ́n lọ kí ìyá náà lọ́la, tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.