Àwọn Kòkòrò Odò Ìdí-Ìyeyè

Ẹ súnmọ́ra, ẹ fún ara yín láyè jókòó. Ẹni tó ń tẹ fóònù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀ ná. Ẹni tí ọmọ ẹ̀ ń ké, ẹ fún un lọ́mú ká lè gbọ́ràn. Ìtàn yìí ò gùn, ṣùgbọ́n tétí yín bá lọ síbòmíì pẹ́nrẹ́n, ibi tó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ ló máa kọjá yín. Ṣé ẹ ti wà ńbẹ̀? Ó yá.

Odò kékeré kan wà ní Ìkòsì, lẹ́yìn ọjà Mile 12, Ìdí-Ìyeyè ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe odò ńlá o. Ibi tó jìn jù nínú ẹ̀, orúnkún ló mọ. Etí odò yìí làwọn obìnrin kan ti ń fọ kárọ́ọ̀tì tí tírélà ń kó bọ̀ láti Òkè Ọya. Tí kárọ́ọ̀tì bá dé, iyẹ̀pẹ̀ á bò ó dúdú. Wọ́n á dà á sínú àpò, wọ́n á rì í bọ omi, wọ́n á máa fẹsẹ̀ gún un títí á fi máa dán bí ẹni fi òróró pa á lára. Aunty Karimot wà lára wọn. Àbúrò ìyá Nusirat ni Aunty Karimot, òun ló sì tọ́ Nusirat dàgbà látìgbà tí ìyá ẹ̀ ti kú.

Nusirat gan-an lọ̀rọ̀ kàn. Ó ti wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì, ẹ̀kọ́ nípa ẹranko àti kòkòrò ló ń kọ́. Ọmọ tó jẹ́ pé táwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bá rí aáyán tí wọ́n sá, òun á bẹ̀rẹ̀ wò ó pé irú èwo tiẹ̀ nìyí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Alága àdúgbò, Alhaji Mutolib, ní odò náà ti kú. Ó ní ẹ̀gbin lásán ló kù ńbẹ̀, kí wọ́n da yẹ̀pẹ̀ dí i, káwọn tírélà ríbi dúró sí. Àwọn obìnrin yarí. Wọ́n ní odò ò kú, ṣebí àwọn ṣì ń lò ó. Ọ̀rọ̀ di "ó ti kú", "kò tíì kú", bíi ti aláìsàn tí ẹbí ẹ̀ ń bá àwọn nọ́ọ̀sì jà lé lórí. Ìgbà tó yá, wọ́n gbà pé káwọn ará yunifásítì wá yẹ̀ ẹ́ wò. Tí wọ́n bá ní odò wà láàyè, kó máa ṣàn, káwọn obìnrin máa fọ kárọ́ọ̀tì wọn lọ. Tí wọ́n bá ní ó ti kú, yẹ̀pẹ̀ ni. Dókítà Ṣọládé, olùkọ́ Nusirat, ni wọ́n ní kó wá. Òun náà sì mú Nusirat mọ́ra, torí ọmọ àdúgbò ni.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé odò wà láàyè? Ẹ má rò pé ẹ̀rọ ńlá kan ni o. Kòkòrò ni wọ́n ń wò. Lábẹ́ òkúta, nínú ẹrẹ̀, àwọn kòkòrò kan wà tó jẹ́ pé inú omi ni wọ́n ti ń dàgbà kí wọ́n tó hu ìyẹ́. Àwọn kan nínú wọn le bí ọmọ Ojota, kò sóhun tẹ́ ẹ dà sómi tí wọn ò ní gbébẹ̀. Irú wọn ni ìdin pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Àwọn míì sì wà tó jẹ́ pé ìdọ̀tí díẹ̀ báyìí, wọ́n ti kú. Èyí tó lẹ́gẹ́ jù ni kékeré kan tó ní ìrù mẹ́ta lẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá ti rí onírù-mẹ́ta, ẹ fọkàn balẹ̀, odò yẹn ń mí. Tó bá jẹ́ ìdin pupa nìkan lẹ rí, odò ń ṣàìsàn. Tẹ́ ò bá wá rí nǹkankan rárá, ẹ gbẹ́ sàréè ẹ̀.

Ọjọ́ tó ku ọ̀la kí Dókítà dé, Nusirat lọ dán odò náà wò fúnra ẹ̀. Ó wọ bàtà òjò, ó ki àwọ̀n bọ omi, ó kọjú ẹnu àwọ̀n sókè ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ ta òkúta ìsàlẹ̀ odò níwájú àwọ̀n, ó ń fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀, kí omi lè gbá ohun tó bá jáde wọnú àwọ̀n. Ìyá Wùmí rí i. Ìyá Wùmí ni olórí àwọn tó ń fọ kárọ́ọ̀tì, Ìjẹ̀bú-Igbó ló ti wá, ẹnu ẹ̀ kì í sinmi.

"Nusi! Ijó wo nìyẹn? Ṣé torí ijó yìí ni Aunty ẹ ṣe rán ẹ lọ yunifásítì?"

"Ẹ bọ́ sínú omi, ẹ wá bá mi jó o, Ìyá Wùmí!"

"Orúnkún mi ò gbà, jàre. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi núdùsì dàgbà, ẹ máa jó lọ."

Nígbà tí Nusirat da inú àwọ̀n sínú abọ́ funfun, ó pariwo. Ọmọ lámilámi wà ńbẹ̀, tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀ wọ́ iyanrìn. Onírù-mẹ́ta náà wà ńbẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan, kì í ṣe méjì, wọ́n ń ju ìdí bí ọmọge tó ń lọ sọ́jà. Ó bu díẹ̀ nínú wọn sínú ìgò pẹ̀lú omi odò, ó fi sínú báàgì, ó sáré bá Aunty ẹ̀ níbi tó ti ń gún kárọ́ọ̀tì.

"Aunty! Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ o! Kòkòrò inú omi yín ni wọ́n fẹ́ wá wò!"

Aunty Karimot dẹsẹ̀ dúró. "Kòkòrò?"

"Ẹ̀hẹn, kòkòrò! Òun ló máa sọ bóyá odò máa wà tàbí kò ní sí. Mò ń bọ̀, mo fẹ́ lọ bá Dókítà ní àdúgbò Anthony, ká lọ gbé àwọn abọ́ tó kù."

Ó lọ nìyẹn. Ó yẹ kó dúró ṣàlàyé, àmọ́ ìdùnnú ò jẹ́ kó dúró. Ó pẹ́ kó tó padà délé, Aunty ẹ̀ sì ti sùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, òun àti Dókítà Ṣọládé dé etí odò. Kí wọ́n tó débẹ̀ ni imú Nusirat ti kọ́kọ́ gbọ́ òórùn kan, bí òórùn ilé-ìyàgbẹ́ ọsibítù. Ó ní bóyá láti inú ọjà ni. Àwọn obìnrin ti tò síbẹ̀. Wọ́n ti gbá etí odò mọ́, wọ́n ti ṣa gbogbo ọ̀rá kúrò, gèlè wà lórí oníkálukú. Àpò kárọ́ọ̀tì tó dé láàárọ̀ wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, wọn ò tíì fọwọ́ kàn án. Alága Mutolib náà jókòó sórí àga rọ́bà. Aunty Karimot ń rẹ́rìn-ín sí Nusirat, bí ẹni tó ti se oúnjẹ àlejò sílẹ̀.

Nusirat wọ omi. Ó ta ilẹ̀ odò. Ó da inú àwọ̀n sínú abọ́ funfun, Dókítà sì bẹ̀rẹ̀ wò ó. Iyanrìn. Ewé jíjẹrà. Nínú gbogbo ẹ̀, ọmọ lámilámi kan ṣoṣo ló wà ńbẹ̀, ó dojú sókè, ó ti gan.

"Ẹ wò ó dáadáa o, Dókítà!" Ìyá Wùmí ló ń pariwo. "Ẹ fi gíláàsì yín wò ó! Tẹ́ ẹ bá rí kòkòrò kan tó ń rìn, ẹ pè mí ní ọ̀lẹ!"

"Kò sí ńbẹ̀ o!" làwọn yòókù dáhùn, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Dókítà ní kí Nusirat lọ ta ibòmíì. Ó ta ibòmíì. Bákan náà ni. Ó lọ sí abẹ́ afárá pákó. Bákan náà.

Dókítà Ṣọládé bọ́ gíláàsì ẹ̀. "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má bínú," ó ní. "Omi tí ò sí kòkòrò kankan nínú ẹ̀, òkú omi ni."

Àtẹ́wọ́ dá. Alága Mutolib nara sẹ́yìn lórí àga. "Ẹ gbọ́ o. Kì í ṣe ẹnu tèmi lẹ ti gbọ́ ọ."

Aunty Karimot di Nusirat lápá aṣọ mú, ó fà á lọ sẹ́yìn àwọn àpò kárọ́ọ̀tì.

"Kí ni ọ̀gá ẹ ń wí? Ṣebí kòkòrò ò sí?"

"Aunty, kí lẹ dà sómi?"

"Izal tí wọ́n ń dà sílé-ìyàgbẹ́ ni. A fi bílíìsì sí i. Ìyá Wùmí wá da kẹrosíìnì lé e, kó lè pa tanwíjí. Ìrọ̀lẹ́ àná la ṣe é. Ìwọ náà lo ní wọ́n ń bọ̀ wá wo kòkòrò!"

"Mi ò ní kẹ́ ẹ pa wọ́n!"

"Nusirat, ta ló ń wá wo kòkòrò nínú omi ọlọ́mi kó tó fi yìn ín? Nígbà tá a wà ní kékeré, tí wolé-wolé bá wọ àgbàlá, tó bá rí tanwíjí kan péré nínú ìkòkò màmá wa, ọmọ ẹ̀fọn kan ṣoṣo o, á da omi nù, á sì tún pe màmá wa lẹ́jọ́. Tó o bá ti gbọ́ pé ìjọba ń bọ̀, o máa tọ́jú omi ẹ. Ta ni ò mọ ìyẹn?"

Òótọ́ ni. Gbogbo ìyá tó wà létí odò yẹn ló mọ wolé-wolé. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé èyí tó ń bọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kòkòrò ló fẹ́ kó wà.

Aunty Karimot wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àwọn tí mo rí tó o bù sínú ìgò lánàá ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì ń mí?"

"Wọ́n wà nínú báàgì mi."

"Lọ ta odò lẹ́ẹ̀kan sí i, kó o dà wọ́n mọ́ ọn. Inú odò yìí náà ṣáà lo ti mú wọn. Irọ́ wo ló wà ńbẹ̀?"

Nusirat ronú sí i lóòótọ́. Tó bá dákẹ́, yẹ̀pẹ̀ á dí odò, ibi tí owó iléèwé tiẹ̀ gan-an ti jáde á pa rẹ́. Tó bá ní wọ́n da Izal sómi, Alága á ní ẹ ò rí i, àwọn tó ń fọ oúnjẹ ló ń da májèlé. Tó bá da inú ìgò sínú abọ́, gbogbo wọn á yọ̀. Ó fẹ́ ṣe é. Ọwọ́ ẹ̀ ti wà lórí síìpù báàgì.

Ìgbà náà ló gbójú sókè, tó rí Ìyá Wùmí tó ti ká aṣọ dé orúnkún, tó ń fa àpò kárọ́ọ̀tì kìíní bọ̀ létí omi. Iṣẹ́ ò gbọdọ̀ dúró. Kẹrosíìnì tó há sétí odò ń tàn lójú omi, àwọ̀ ẹ̀ bíi ti òṣùmàrè. Kárọ́ọ̀tì sì rèé, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í sè é, wọ́n á kàn gé e sínú sàláàdì ni.

"Ìyá Wùmí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rì í!" Nusirat kígbe. Ó kọjú sí olùkọ́ ẹ̀. "Sà, odò yìí ò kú. Àná ni wọ́n da Izal àti kẹrosíìnì sí i. Wọ́n rò pé bí ẹ ò bá rí kòkòrò ló dáa. Èmi ni mi ò ṣàlàyé fún wọn. Aunty mi náà wà ńbẹ̀."

Ariwo ta. "Háà! Ọmọ yìí tà wá!" Ìyá Wùmí ló sọ bẹ́ẹ̀.

Alága ti dìde. "Májèlé! Ẹ gbọ́ tẹnu wọn o! Májèlé ni wọ́n fi ń fọ kárọ́ọ̀tì Èkó!"

"A ò mọ̀ ni, Alhaji," Aunty Karimot fèsì. Kò wo ojú Nusirat mọ́.

Dókítà Ṣọládé ní kí wọ́n fi ibi tí wọ́n ti dà á han òun. Wọ́n fi hàn án. Ó ní ó dáa, ká lọ sókè ibẹ̀, níbi tí omi ti ń ṣàn bọ̀. Gbogbo wọn tẹ̀ lé e dé ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Nusirat wọ omi, ó ta òkúta. Nígbà tí wọ́n da inú àwọ̀n sínú abọ́, nǹkan ń rìn káàkiri nínú ẹ̀. Alága fọwọ́ ká aṣọ ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀.

"Èwo nínú wọn ni? Ṣé èyí tó ń ju ìdí yìí?"

"Òun ni, Sà."

"Ìdí ẹ̀ mà le o."

Dókítà ṣàlàyé pé orísun odò ṣì dáa. Ó ní omi á máa gbá àwọn kòkòrò yìí wá sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí oró yẹn bá ti ṣàn lọ, wọ́n á tún ibẹ̀ gbé. Nítorí náà, kí wọ́n má da yẹ̀pẹ̀ dí i. Ṣùgbọ́n títí tí onírù-mẹ́ta á fi padà sí ibi ìfọkárọ́ọ̀tì, kí ẹnikẹ́ni má fọ nǹkankan ńbẹ̀. Alága gbà kíá. Àwọn obìnrin gbé àpò wọn, wọn ò kí Nusirat kí wọ́n tó lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀bá Owódé Onírin ni Aunty Karimot ti ń fọ tiẹ̀, níbi omi ẹ̀rọ kan tó ń rùn bí irin. Kárọ́ọ̀tì ò dán bíi ti tẹ́lẹ̀, àwọn oníbàárà á wò ó, wọ́n á tún un wò. Nílé, ó ń se oúnjẹ fún Nusirat o, kò febi pa á. Àmọ́ tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, á kọjú sí ògiri. "Ẹ bá mi sọ fún dókítà kòkòrò pé oúnjẹ ẹ̀ ń tutù." Àwọn méjì péré ló sì wà nínú yàrá.

Gbogbo Sátidé ni Nusirat ń lọ ta odò. Ìdin pupa ló kọ́kọ́ padà. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ lámilámi. Ní Sátidé tó kọjá, ó gbójú sókè, ó rí Aunty ẹ̀ létí odò. Kò kí i. Ó lóṣòó síwájú abọ́ funfun, ó ń wò ó.

"Èwo ni onírù-mẹ́ta nínú ìwọ̀nyí?"

"Wọn ò tíì dé, Aunty."

"Bóyá o ò ta á dáadáa."

"Mo ta á dáadáa."

Aunty Karimot pòṣé. Ó bọ́ sálúbàtà ẹ̀, ó ká ìró, ó wọ omi fúnra ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ gún ilẹ̀ odò bó ṣe máa ń gún kárọ́ọ̀tì, Nusirat sì di àwọ̀n mú. Wọ́n dà á sínú abọ́. Kò tíì sí.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ má kàn máa wò mí. Ká ní ẹ̀yin lẹ dúró létí omi yẹn, tí ìgò kòkòrò wà nínú báàgì yín, tí Alága ń retí, tí ẹni tó tọ́ yín dàgbà ń wojú yín, kí lẹ̀ bá ṣe?