Ọkọ Ń Lọ, Ìyàwó Ń Bọ̀

Ẹtà náà dúró, ó gbọ́ nǹkan, ó sì yí padà bìrí níwájú kámẹ́rà.

Nínú fọ́tò àkọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ hàn, àmì dúdú ara rẹ̀ fọ́n ká bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló hàn, àmì méjì so mọ́ra níbẹ̀. Obìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà gbé ọwọ́ kúrò bí ẹni tí iná jó.

Àǹtí Kámẹ́rà ni wọ́n ń pè é lẹ́nu iṣẹ́, torí òun ló ń so kámẹ́rà tó ń dá ya fọ́tò ẹranko mọ́ igi nínú igbó kékeré tó ṣẹ́kù láàárín oko rọ́bà. Òun náà ló kéde pé ẹtà méjì ló kù níbẹ̀. Awakọ̀ ọ́fíìsì ló fún wọn lórúkọ. Èyí tó ń fi ẹ̀gbẹ́ òsì hàn bó bá ń lọ sódò ni Ọkọ. Èyí tó ń fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún hàn bó bá ń bọ̀ ni Ìyàwó.

"Tọkọtaya yìí mà ti jà o," ni awakọ̀ máa ń wí. "Ọkọ ń lọ, ìyàwó ń bọ̀, wọn ò jọ rìn rí."

Gbogbo wọn a bú sẹ́rìn-ín. Ilé-ẹ̀kọ́ ti kọ́ Àǹtí pé ẹ̀gbẹ́ òsì ẹtà kì í jọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọkàn bá fẹ́ lojú ń rí.

Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni olóko rọ́bà ń bọ̀. Ó ti ṣèlérí pé bí àwọn ẹtà náà bá lè bímọ, òun ò ní gé igbó yẹn.

Awakọ̀ wọlé, ó wo fọ́tò náà títí. Kò ṣàwàdà.

"Ta ló tún rí i, Àǹtí?"

"Èmi àti ẹ̀yin náà ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ pa á rẹ́. Wọn ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Àǹtí rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Irọ́ lè lọ fógún ọdún kí òtítọ́ tó bá a. Ẹtà kì í sábà pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òun bá dákẹ́, ta ni yóò wá ẹnìkejì fún ẹtà náà?

Torí náà, nígbà tí olóko dé, ó sọ fún un pé ẹtà kan ṣoṣo ló wà: òun ni Ọkọ, òun náà ni Ìyàwó. Ó bẹ olóko pé kó fún àwọn láyè díẹ̀, káwọn lè wá ẹnìkejì láti igbó mìíràn. Olóko gbọ́ ọ tán. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bíi ti ẹni tó ń kí ọlọ́fọ̀.

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé igi kan ò lè dágbó ṣe. Ẹranko kan ńkọ́?"

Nírọ̀lẹ́, Àǹtí àti awakọ̀ lọ tú kámẹ́rà kí wọ́n tó gé igbó náà. Lẹ́bàá odò ni ojú kan tí ẹtà náà máa ń yàgbẹ́ sí wà. Bí àwọn ẹtà ṣe ń ránṣẹ́ síra wọn nìyẹn: ọ̀kan a yà á, òmíràn a wá gbóòórùn rẹ̀, a sì fi tirẹ̀ lé e. Òkìtì ibẹ̀ ga. Tútù wà lórí gbígbẹ, ara ẹtà kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ti wá.

Awakọ̀ ti di kámẹ́rà sápò. Ó béèrè bóyá káwọn máa lọ. Àǹtí ní kó jẹ́ káwọn dúró díẹ̀.

Omi mìíràn wà lókè igbó, nítòsí ibi tí ẹtà náà ń sùn. Ó ti pẹ́ tó ti ń ya Àǹtí lẹ́nu pé ó ń rìn jìnnà tó báyìí kó tó mumi.

Kì í ṣe omi ló ń wá mu. Ó ń wá wò bóyá ẹnìkan ti dá a lóhùn ni.