Àpótí Níwájú Ọkọ̀ Búlúù

Èmi ò fẹ́ràn ọkọ̀ búlúù yẹn rárá. Ẹ jẹ́ n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọlọ́gbọ́n ni mí. Nínú ọkọ̀ méjì tí a rí rà, aláwọ̀ eérú ni ojú mi wà lára rẹ̀. Ìlẹ̀kùn rẹ̀ ń pa dé wọ́ọ́rọ́, àga rẹ̀ rọ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ sì kéré sí ti búlúù. Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe. Ohun tí ojú rẹ̀ bá mọ́ ni mo máa ń gbà pé inú rẹ̀ náà mọ́.

Kíndìnrín màmá mi ló ń ṣàìsàn. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn kí ẹ̀rọ bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀, òjò ì báà rọ̀, oòrùn ì báà ràn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ̀ èrò ti já wa kulẹ̀, díẹ̀ ló sì kù kí ẹ̀ẹ̀kejì mú wọn lọ. Ọkọ̀ tí kò ní sùn sójú ọ̀nà fún ọdún mẹ́wàá là ń wá, tí yóò sì lè sọ̀kalẹ̀ lórí òkè ilé ìwòsàn láìdẹ́rù bani. Òkè náà ga, oríta tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an.

Ni mo bá tọ mẹkáníìkì àdúgbò wa lọ. Alápòótí ni gbogbo wa ń pè é. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí ó bá ti tún bíréèkì ọkọ̀ ṣe tán, ibẹ̀ ni yóò gbé e lọ, yóò kọjú rẹ̀ sísàlẹ̀, yóò fa bíréèkì ọwọ́, yóò pa ẹ́ńjìnnì. Yóò wá gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ síwájú ọkọ̀ náà, yóò jókòó, yóò kẹ̀yìn sí i, yóò sì máa mu omi. Ife omi kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n bí ẹni ń mu oògùn kíkorò ló ṣe máa ń mu ún. Bí kò bá tíì mu ún tán, kò sẹ́ni tó máa gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi a máa sọ pé orí rẹ̀ ò pé.

Kò sí àwòrán lára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Páàdì bíréèkì tó ti jẹ tán ló fi ìṣó kọ́ síbẹ̀, irú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ tó yọ wọ́n sábẹ́ wọn.

“Àǹtí Télọ̀, ẹ ka ìlà yìí,” ó ní. “Irú eléérú tí ẹ fẹ́ràn nìyẹn. Oníbàárà kan ṣoṣo ló ni gbogbo ẹ̀, láàárín ọdún mẹ́jọ.”

Mo kà á. Páàdì mọ́kànlá.

“Ẹ wá ka ti búlúù. Oníbàárà kan ṣoṣo ni òun náà, ọdún mẹ́jọ, ọ̀nà kan náà.”

Mẹ́rin péré.

“Eléérú dára lójú o, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ó wúwo, bíréèkì ẹ̀ sì kéré fún un. Àwo irin tí páàdì ń dì mú á gbóná, á wọ́. Tẹ́ ẹ bá wá tẹ bíréèkì lórí òkè, sítíárìn á máa gbọ̀n lọ́wọ́ yín. Búlúù máa ń ké díẹ̀ láàárọ̀, ariwo lásán ni. Ẹ jẹ́ kó máa ké.”

“Ṣé ẹkún ọmọ ọwọ́ ni kí n máa gbé kiri ni?”

“Àǹtí, ọmọ tó ń ké, ó wà láàyè nìyẹn.”

Màmá mi, tí wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ló dá ẹjọ́ náà. “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé aṣọ lo fẹ́ fi ọkọ̀ náà ṣe ni? Ra búlúù.”

A ra búlúù. Fún oṣù mẹ́rin, kò dá wa dúró lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n igbe rẹ̀! Bí mo bá ti tẹ bíréèkì láàárọ̀, kíííín, àwọn tó ń kọjá á bojú wẹ̀yìn. Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ara mi ò gbà á mọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti lò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Irin tó bá ń ké, epo ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Mo mú agolo epo ẹ̀rọ mi tí ẹnu rẹ̀ gùn, mo ki ẹnu náà bọ àárín táyà iwájú méjèèjì, mo sì kán epo sára àwo irin wọn dáadáa. Mo sún ọkọ̀ síwá, mo sún un sẹ́yìn. Ó pa rọ́rọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní mẹkáníìkì tó ń fi páàdì ṣe ògiri lọ́ṣọ̀ọ́, ẹ̀kán epo díẹ̀ ni kò mọ̀.

Nígbà tí à ń lọ, òkè là ń gùn, bíréèkì ò níṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe. Nígbà tí à ń bọ̀, Màmá ti sùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, nítorí ẹ̀rọ yẹn máa ń tán wọn lókun. Mo tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ náà fà díẹ̀, kò dúró. Mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ó ń sáré lọ síbi oríta, mo sì rí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń bọ̀ láti ọwọ́ òsì. N ò rántí àdúrà kankan. Alápòótí ni mo rántí, àti ife omi rẹ̀. Mo na ọwọ́, mo fa bíréèkì ọwọ́ sókè pátápátá.

Táyà ẹ̀yìn kùn, ìdí ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, a sì dúró. Ọkọ̀ akẹ́rù náà kọjá níwájú wa. Bí mo bá na apá, mo lè fọwọ́ kàn án.

Màmá la ojú. “Ṣé a ti délé ni?”

Mo pe Alápòótí lórí fóònù, kó sì tó dé, mo ti to èébú jọ fún un. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó gun kẹ̀kẹ́ dé pẹ̀lú jáàkì, ṣùgbọ́n kò tíì wo ọkọ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé Màmá. “Màmá, ṣé kò sóhun tó ṣe yín?” Wọ́n ní kò sí. Ó wá tú táyà, ó fi ìka nu àwo irin, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wo èékánná mi.

“Àǹtí, epo yìí ò ti inú ọkọ̀ wá. Epo ẹ̀rọ ìránṣọ ni.”

Gbogbo èébú tí mo tò, mo gbé e mì. “Ó ń ké ni,” mo ní.

Kò rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀rọ ìránṣọ ò fẹ́ kí irin gbo ara wọn. Bíréèkì ní tiẹ̀, àfi kó gbo ó kó tó lè dúró. Ọpẹ́ ni pé ti ọwọ́ wà lẹ́yìn, epo yín ò débẹ̀.”

Mo bú sẹ́kún lójú títì, èmi àgbàlagbà. Wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí mo ti ń pè ní wèrè?

Ó pààrọ̀ páàdì, ó sì fọ àwo irin. Ó kọ́ àwọn tí mo bà jẹ́ sí ìlà búlúù, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sábẹ́ wọn pé: “Èyí ò kà. Télọ̀ ni.” Màmá rẹ́rìn-ín débi tí wọ́n fi húkọ́.

Ní ọ̀sán Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó gbé ọkọ̀ lọ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sì gbé àpótí rẹ̀ síwájú ọkọ̀. Mo wá àpótí kan nínú ṣọ́ọ̀bù, mo lọ jókòó tì í. Mo kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀ náà bíi tirẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí, n ò ní purọ́.

“Ẹ gbé bẹ́ǹṣì tèmi náà wá,” Màmá ní.

“Màmá, ẹ dúró síbẹ̀,” mo ní.

“Èmi tí mo sùn nínú ẹ̀ lọ́jọ́sí, kí ni mo tún ń bẹ̀rù?”

Alápòótí lọ gbé bẹ́ǹṣì náà wá. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó níwájú ọkọ̀ búlúù, à ń gbọ́ bí Màmá ṣe ń mí, ọkọ̀ náà ò sì mira.

“O ṣé, àbúrò mi,” mo ní.

Ó gbé ife omi rẹ̀ fún mi. “Ẹ rọra mu ún,” ó ní.